Nọ́káòtù: Ọ̀rọ̀ Kan, Ìtumọ̀ Púpọ̀

(Àròkọ aláríyànjiyàn)

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Wọ́n tún ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Òwe méjèèjì yìí kò mọ sí orí ọmọ ènìyàn nìkan. Wọ́n bá ọ̀rọ̀ tí a ń yá lò láti inú èdè mìíràn mu pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ àjèjì kan bá wọ àárín wa, àwa náà ni a óò fún un ní ilé tí yóò máa gbé àti iṣẹ́ tí yóò máa ṣe. Ọ̀kan nínú irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni 'nọ́káòtù'. Inú ìjà ẹ̀ṣẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n lónìí ọmọ ọdún mẹ́rin ń pè é ní òpópónà Ailegun láìtilẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ń ja ẹ̀ṣẹ́ ní ayé. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ yìí dára ní ibi tí ó ti wá, ó sì dára ní orí pápá bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n nígbà tí a mú orúkọ eré yìí, tí a fi sọ ẹ̀tù tí a wé sínú pépà, a ṣe àṣìṣe tí ó léwu, pàápàá ní àdúgbò tiwa yìí.

Nígbà tí mo ń kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo kọ gbólóhùn kan sí ojú pátákó lọ́jọ́ kan: 'Nọ́káòtù ni ó parí ọ̀rọ̀ náà.' Mo wá bi àwọn ọmọ kíláàsì léèrè pé kí ni wọ́n rò pé ó ṣẹlẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ dìde, ó ní, 'Sà, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kan ni wọ́n lù dákú.' Ẹni kejì ní, 'Rárá o, Sà, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan ni wọ́n nà, wọ́n sì ti ń lọ sí ilé.' Ẹni kẹta tí ó jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé ní, 'Sà, ọmọ kan ni kò ní ìka mọ́.' Gbogbo kíláàsì bú sí ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ó ń sọ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo kọ, ìtumọ̀ mẹ́ta ni wọ́n rí nínú rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn ìtumọ̀ náà sì ní ẹ̀jẹ̀ nínú. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí kò ti kúrò ní ọkàn mi.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, nọ́káòtù ni pé kí oníjà kan gba ẹ̀ṣẹ́ tí yóò gbé e ṣubú, kí ó má sì lè dìde títí rẹfirí yóò fi ka ení, èjì, ẹ̀ta, dé orí ẹ̀wá. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa kọ lẹ́tà kan sí iwájú ọ̀rọ̀ náà tí wọn kì í pè. Àwa ní tiwa, a kì í fi kọ́ńsónáǹtì parí ọ̀rọ̀, nítorí náà a fi fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe sí búrẹ́dì àti bẹ́lítì, ó sì di nọ́káòtù. Ní ọdún 1867 ni wọ́n tẹ òfin ìjà ẹ̀ṣẹ́ tí à ń pè ní òfin Queensberry jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin yìí ni ó pàṣẹ pé kí àwọn oníjà wọ ìbọ̀wọ́, kí ìpele ìjà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 3, kí wọ́n sinmi fún ìṣẹ́jú 1 láàárín, kí ẹni tí ó bá ṣubú sì ní ìṣẹ́jú àáyá 10 láti fi dìde fúnra rẹ̀. Ní gbogbo àkókò tí ó bá fi wà nílẹ̀, ẹnìkejì rẹ̀ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ńṣe ni yóò padà sí igun tirẹ̀. A óò rí i pé bí nọ́káòtù ti le tó, ọmọ òfin ni.

Àwọn ọmọ Nàìjíríà pẹ̀lú ti fi ẹ̀ṣẹ́ kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìtàn. Ní ọjọ́ 24 oṣù Júùnù ọdún 1957, Hogan Bassey, ọmọ agbègbè Calabar, na Cherif Hamia ní ìlú Paris. Ní ìpele kẹwàá ni rẹfirí dá ìjà náà dúró, Bassey sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó gba adé ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Dick Tiger, ọmọ Amaigbo, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ ń jẹ́ Richard Ihetu. Ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì ọdún 1963, ó ja ìjà pẹ̀lú Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà ní Pápá Ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn, èyí tí à ń pè ní Pápá Ìṣeré Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Nígbà tí ìpele keje parí, Fullmer kò lè jáde mọ́. Kò sí ẹni tí ó dá a dùbúlẹ̀ tí a ń ka iye lé lórí. Àwọn tí ó wà ní igun rẹ̀ rí i pé ó ti tó, ìjà sì parí síbẹ̀. Ìyẹn náà jẹ́ oríṣi nọ́káòtù kan, níbi tí àánú ti ń dá ìjà dúró kí ọ̀rọ̀ tó kọjá àtúnṣe.

Ohun tí ó wù mí jù nínú ìtàn Dick Tiger ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí òun náà lẹ́yìn ìgbà náà. Ní oṣù Mèé ọdún 1968, Bob Foster lù ú dákú ní ìpele kẹrin ní ìlú New York, wọ́n sì ka iye lé e lórí pé. Ṣùgbọ́n Tiger dìde, ó lọ tọ́jú ara rẹ̀, ó sì tún padà wá. Ní ọdún 1969, ó na Nino Benvenuti ará Ítálì, ẹni tí ó wà lórí oyè àgbáyé nígbà náà. Bákan náà ni Anthony Joshua, tí ìdílé rẹ̀ ti Ṣágámù wá. Andy Ruiz gbé e ṣubú léraléra ní oṣù Júùnù ọdún 2019 títí rẹfirí fi dá ìjà dúró ní ìpele keje. Kí ọdún náà tó parí, ní oṣù Dìsẹ́ḿbà, Joshua ti gba àwọn bẹ́lítì rẹ̀ padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí nọ́káòtù inú ìjà ẹ̀ṣẹ́ ń kọ́ wa nìyí: ẹni tí ó ṣubú lè dìde.

Láti ibi ìjà ẹ̀ṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ sí orí pápá bọ́ọ̀lù. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa lórí rédíò ti rí orúkọ tí ó dùn fún un ní èdè wa: wọ́n ń pè é ní ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹgbẹ́ tí wọ́n bá ti nà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tún ní ohun tí yóò ṣe nínú ìdíje náà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìdíje ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ wa, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1945 gẹ́gẹ́ bí ife Gómìnà, ti máa ń rí. Gbogbo ẹni tí ó bá dàgbà tó ní ọdún 1994 yóò rántí bí Nàìjíríà ti lọ sí ìdíje ife àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà, tí a dé ìpele kò-mẹsẹ̀-ó-yọ, tí Ítálì sì fi àmì ayò 2 sí 1 lé wa padà sí ilé ní ọjọ́ 5 oṣù Júláì. Ó dùn wá títí dé egungun. Ṣùgbọ́n ọdún 2 péré lẹ́yìn náà, ní ọdún 1996, àwọn ọmọ wa gba góòlù bọ́ọ̀lù ní ìdíje Òlíḿpíìkì ní ìlú Atlanta. Nọ́káòtù ti orí pápá náà jọ ti ẹ̀ṣẹ́: bí ó ṣe ọ́ lónìí, ọ̀la ń bẹ.

Ọ̀rọ̀ náà tún ní ìbátan kan ní ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì. Bí o bá gbé ọkọ̀ tí ń dún kó-kó-kó dé ọ̀dọ̀ wọn ní Òṣòdì tàbí ní Ìsọlọ̀, mẹkáníìkì yóò tẹ́tí sí i díẹ̀, yóò mi orí, yóò sì sọ pé, 'Ọ̀gá, ẹ́ńjìnnì yín ti nọ́ọ̀kì.' Ìdajì ọ̀rọ̀ náà ni ó lò, ṣùgbọ́n ó tó. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé óìlì ti gbẹ tàbí ó ti bàjẹ́, irin sì ti ń lu irin nínú ẹ́ńjìnnì títí ó fi jẹ ara rẹ̀ tán. Owó tí a ní láti fi san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yóò wá di owó ẹ́ńjìnnì àlòkù ní ọjà Ládípọ̀. Èyí dun ni, ṣùgbọ́n irin ni a sọ nù. Ọjà sì wà tí a ti lè ra irin mìíràn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wá wo ìtumọ̀ tí àwọn ọmọ wa mọ̀ jù. Bí oṣù Dìsẹ́ḿbà bá ti wọlé, nọ́káòtù di ohun tí à ń tà lórí àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bisikíìtì àti súwíìtì. Ẹ̀tù díẹ̀ ni wọ́n dì sínú pépà líle, tí wọ́n fi okùn tín-ín-rín kan bọ̀ ọ́ ní orí. Bí a bá ṣáná sí okùn náà, iná yóò rìn wọ inú rẹ̀; ẹ̀tù yóò jó lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ti inú rẹ̀ jáde yóò wá ibi tí yóò gbà, yóò sì fa pépà náà ya pẹ̀lú ariwo ńlá. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ yìí láti ayébáyé, ibẹ̀ ni ó sì pọ̀ sí jù títí di òní. Àwọn ọmọ tí kò rí owó ra á nígbà tiwa a máa ha ẹ̀tù orí ìṣáná sínú ìdí sípókì kẹ̀kẹ́, wọn a ki ìṣó bọ̀ ọ́, wọn a sì fi lu ara ògiri. Bí mo ti rò ó, ariwo yìí ni ó jẹ́ kí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ṣẹ́ pè é, nítorí pé ó ń gbá ni létí bí ẹni pé abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ni ó wà nídìí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò dá mi lóhùn. Wọn yóò ní eré ọmọdé ni, àti pé ọdún tí kò ní ariwo kò jọ ọdún. Wọn yóò ní àwọn baba wa pàápàá a máa yin ìbọn níbi ìsìnkú àgbà àti níbi ìwúyè, kò sì sí ẹni tí ó sọ pé kí ọdẹ má yin ìbọn rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní ìyá tí ń tà á lórí àtẹ ní ọmọ tí ó ń bọ́, àti pé ìwọ̀nba oṣù kan yìí ni ó fi ń rí èrè díẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀, ó sì yẹ kí a fèsì sí wọn.

Ní ti ìbọn ọdẹ, ẹni tí ń yìn ín ti dàgbà, wọ́n kọ́ ọ ní iṣẹ́ náà, ojú ọ̀run ni ó kọ ẹnu ìbọn sí, a sì ti gbọ́ ìlù àti orin kí a tó gbọ́ ìró rẹ̀. Ta ni ó kọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ń ju nọ́káòtù sí abẹ́ ọkọ̀? Ní ti eré, mo ti ṣe àlàyé pé gbogbo eré tí ń jẹ́ nọ́káòtù ni ó ní òfin tirẹ̀. Ti ẹ̀ṣẹ́ ní ìbọ̀wọ́, ó ní rẹfirí, ó sì ní iye tí a ń kà kí ẹni tí ó ṣubú lè rí ààyè dìde. Ti bọ́ọ̀lù ní fèrè àti ọdún tí ń bọ̀. Èyí tí a ń jù ní ìgboro kò ní ẹyọ kan nínú wọn. Ojú tí ó bá fọ́, kò sí ẹni tí yóò ka iye fún un kí ó là. Ìka tí ó bá já kò ní ìdíje mìíràn ní ọdún tí ń bọ̀. Ní ti ìyá tí ń tà á, n kò bá a jà. Ohun mìíràn tí àwọn ọmọ ń rà lọ́dún pọ̀, láti orí fèrè dé orí bàlúù, èyí tí kò ní jó àtẹ rẹ̀ àti ilé rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe rò pé mo ń sọ̀rọ̀ àsọdùn nípa ilé jíjó. Ní ọjọ́ 26 oṣù Dìsẹ́ḿbà ọdún 2012, ọjọ́ kejì Kérésìmesì gan-an, ilé kan tí wọ́n kó irú ọjà yìí pamọ́ sí bú gbàmù ní agbègbè Jankara ní Erékùṣù Èkó. Iná ràn láti ilé dé ilé, ẹ̀mí sọnù, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì farapa. Òfin ohun abúgbàmù ti wà ní orílẹ̀-èdè yìí láti ọdún 1964, àwọn ọlọ́pàá Èkó sì máa ń kìlọ̀ bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé. Síbẹ̀, ọjà náà kò kúrò lórí àtẹ. Ní agbègbè tiwa, ọ̀rọ̀ náà tún gba ìṣọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé Èjìgbò ni dípò epo wà, àwọn ọkọ̀ tí ń gbé epo sì máa ń gba àárín wa kọjá. Ẹni tí ó mọ̀ pé ilé òun ni ilé koríko kì í fi iná ṣeré.

Ṣùgbọ́n ìdí tí ó tóbi jù lọ kò tíì jáde lẹ́nu mi. Àwa tí ń gbé Ailegun, Ìsọlọ̀ àti Èjìgbò ní ìtàn kan tí àdúgbò mìíràn kò ní. Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù Jánúárì ọdún 2002, àwọn àdó olóró tí àwọn ológun kó pamọ́ sí bárékè Ìkẹjà bẹ̀rẹ̀ sí í bú ní ìrọ̀lẹ́. Ilẹ̀ mì, fèrèsé fọ́, ojú ọ̀run pọ́n. Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ìró náà jẹ́. Àwọn kan rò pé àwọn ológun ni wọ́n tún fẹ́ gba ìjọba. Àwọn mìíràn rò pé ogun ti dé. Olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í sá, ìyá pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, ọmọdé láìsí òbí, láti ọ̀nà Ìkẹjà àti Òṣòdì wá sí ọ̀dọ̀ tiwa. Nínú òkùnkùn, wọ́n dé odò Òkè-Àfá. Ewé orí omi ti bo ojú odò náà, ọ̀pọ̀ sì rò pé ilẹ̀ ni. Wọ́n kó sínú rẹ̀, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn sì kó lé wọn lórí. Àwọn tí ó kú lọ́jọ́ náà ju 1,000 lọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ pé omi ni ó gbé wọn, kì í ṣe àdó olóró. Ibi ìrántí wọn wà ní Òkè-Àfá títí di òní, a sì máa ń rántí wọn ní gbogbo ọjọ́ 27 oṣù Jánúárì.

Kí ẹ má ṣì mí gbọ́. Nọ́káòtù kọ́ ni ó fa ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn ènìyàn wa kú nítorí pé wọ́n gbọ́ ìró kan tí wọn kò mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ṣe lè ní ìtumọ̀ púpọ̀ ni ìró náà ṣe lè ní. Bí a bá gbọ́ 'gbòà' ní òru oṣù Dìsẹ́ḿbà ní Ailegun lónìí, kí ni? Ó lè jẹ́ nọ́káòtù. Ó lè jẹ́ ìbọn olè. Ó lè jẹ́ tiransifọ́mà tí ó bú, tàbí táyà ọkọ̀ akẹ́rù. Ẹni tí ó bá rò pé ìbọn ni, yóò sá, ó sì lè sá wọ inú ewu. Ẹni tí ó bá ti mọ́ lára pé 'nọ́káòtù ni', yóò jókòó, ó sì lè jẹ́ ìbọn ni ní tòótọ́. Nínú àròkọ, bí ọ̀rọ̀ kan bá ní ìtumọ̀ méjì, àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká ni yóò là á yé wa. Ní òru, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tí ó yí ìró náà ká.

Ìyá àgbàlagbà kan wà ní àdúgbò wa tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin bá ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 2002 lọ. Bí nọ́káòtù àkọ́kọ́ bá ti dún ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Dìsẹ́ḿbà, yóò dìde, yóò gbé bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó wà nínú ilé: ení, èjì, ẹ̀ta. Bí ó bá ku ẹnì kan, kò ní jókòó títí ẹni náà yóò fi wọlé. Àwọn ọmọ a máa rò pé ọjọ́ ogbó ni ó ń yọ ìyá lẹ́nu. Mo ti sọ fún wọn pé kì í ṣe ogbó. Wọn kò tíì bí wọn nígbà tí ìyá wọn àgbà kọ́ ohun tí ariwo lè ṣe.

Kí ni kí a wá ṣe? Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí a fún nǹkan náà ní orúkọ tí ó jẹ́. Bí ọmọ bá wá bá baba rẹ̀ pé, 'Ẹ fún mi lówó kí n lọ ra nọ́káòtù,' baba yóò na ọwọ́ sí àpò, nítorí pé orúkọ eré ni ó gbọ́. Bí ọmọ kan náà bá sọ pé, 'Ẹ fún mi lówó kí n lọ ra ẹ̀tù,' baba yóò kọ́kọ́ wò ó lójú. Ọjà kan náà ni, orúkọ ni ó yàtọ̀. Èkejì, ó yẹ kí àwọn ẹgbẹ́ onílé, àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn mọ́sáláṣí máa kéde rẹ̀ láti oṣù Nòfẹ́ḿbà pé àdúgbò yìí kò fẹ́ ẹ, kí a má dúró de ọlọ́pàá. Ẹ̀kẹta, kí a má kàn gba ohun eré lọ́wọ́ ọmọ kí a sì fi í sílẹ̀ ní ọwọ́ òfo. Ẹ jẹ́ kí òpópónà àti òpópónà gbá ife-ẹ̀yẹ kò-mẹsẹ̀-ó-yọ ní ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Ẹ jẹ́ kí a mú àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn ń gbóná lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́, irú èyí tí ó wà ní Rowe Park ní Yábàá, kí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sì kọ́ láti bọ̀wọ̀ fún òfin àti fún ẹni tí ó wà nílẹ̀.

Ní àkótán, mi ò bá ọ̀rọ̀ àyálò jà. Èdè tí kò yá ọ̀rọ̀ kò sí, èdè Yorùbá kò sì kéré nítorí pé ó gba nọ́káòtù ní àlejò. Ohun tí mo ń sọ ni pé a gbọdọ̀ mọ irú iṣẹ́ tí a ń fi ọ̀rọ̀ àlejò ṣe. Nọ́káòtù ti ẹ̀ṣẹ́ lè mú kí ọmọ wa di Dick Tiger kejì. Ti bọ́ọ̀lù lè mú kí àdúgbò méjì mọ ara wọn. Ti ẹ̀tù, ohun tí ó lè mú wá kò ju ẹkún lọ, a sì ti sunkún tó ní Òkè-Àfá. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa jogún méjì àkọ́kọ́, kí a sì jẹ́ kí ẹ̀kẹta máa lọ. Bí òru ọdún tuntun bá dé ní Ailegun, kí ìró tí a óò gbọ́ jẹ́ ti agogo, ìlù àti ohùn àwọn ènìyàn tí ń kí ara wọn pé, 'Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún, ọdún á yabo o.'